Ìdá Kẹta Tí Ó Jẹ́ Ti Èémí

Bí ènìyàn bá pẹ́ ní ìdálẹ̀ kí ó tó padà sí Ìkirè, ara rẹ̀ ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá yọ, tí ikùn rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ wọlé, wọn á ní Ọlọ́hun ń ṣe é lóore, wọn á sì máa bá a yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó rù, àánú ni wọn yóò fi máa wò ó; àwọn ìyá á máa béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ kì í fún un lóúnjẹ. Bí ó ṣe rí ní Ìkirè ni ó rí ní Àpòmù àti ní Gbọ̀ngán, kò sì yàtọ̀ ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó sanra ni ẹni tí ara dẹ̀, ẹni tí àlàáfíà wà fún.

Àṣà yìí kò ṣàìní ìdí. Nígbà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó láàárọ̀, tí ó tún ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyàn sì lè mú nígbàkígbà, ara tí ó kún díẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé oúnjẹ kò wọ́n nílé náà. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ọ̀kadà ń gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ẹni tí ó ń ta ọjà jókòó sórí àga kan láti òwúrọ̀ títí tí ìrun Mọ̀gáríbì fi ń wọlé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì sì wà ní ìtòsí ọwọ́ rẹ̀. Ara tí àwọn ènìyàn ń yìn yìí ń jẹ gbèsè lábẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn èémí bá dé sì ni olówó máa ń wá sin gbèsè náà. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ni ó fi èyí han gbogbo ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbàgbé.

Àrùn náà kò jìnnà sí Ìkirè tó bí àwọn kan ṣe rò. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọkùnrin ará Ítálì kan, tí ó gba Èkó wọlé tí ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní in lára. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Èkó àti Àbújá, fi ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sì sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ya àwọn ènìyàn 127 tí wọ́n ti Côte d'Ivoire dé sọ́tọ̀ ní Èjìgbò, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ti kó o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti mọ́sálásí pa. Ẹni tí kò pa ìrun Jímọ̀ jẹ láti ogún ọdún jókòó sílé. Ìrun àṣámù oṣù Ràmàdánì ọdún 1441, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2020, di ti inú yàrá. Àwọn tí wọ́n ti san owó Mẹ́kà kò rí Mẹ́kà lọ ní ọdún náà àti ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì fún àgbáyé mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò kúrò láyé. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá tí ń lọ, òun pẹ̀lú ọ̀fìnkìn àti flú.

Ohun tí ó yẹ kí ó ti ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà náà ni pé àrùn kan náà kò ṣe gbogbo wọn bákan náà. Àwọn méjì á jọ dúró ní sàfù kan, ọjọ́ orí wọn á súnmọ́ra, wọn á sì jọ kó kòkòrò náà. Ọ̀kan á wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì gbàgbé. Èkejì á di ẹni tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nílé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn ní kádàrá ni. Kádàrá ni lóòótọ́, kò sí Mùsùlùmí tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé sísá kúrò nínú ewu náà wà lára kádàrá. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí àrùn fi ń ti ẹnì kan lulẹ̀ ju ẹnì kejì lọ, tí ó sì ṣe nǹkan sí i, kò bá Ọlọ́hun du àṣẹ.

Àwọn dókítà wá ìdí náà. Ọjọ́ orí ni wọ́n rí pé ó wúwo jù, nítorí àwọn arúgbó ni ó kú jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín, àti ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà kún àìsàn rárá, èyíinì ni ara tí ó sanra jù.

Kì í ṣe Kòrónà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 2009, nígbà tí flú tuntun tí àwọn ènìyàn ń pè ní flú ẹlẹ́dẹ̀ ń jà káàkiri ayé, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa àwọn mẹ́wàá tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le koko ní oṣù kẹfà ọdún náà. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni ó sanra jù. Méje nínú mẹ́sàn-án náà ni tiwọn tún kọjá ààlà. Àwọn tí ó kà á nígbà náà rò pé bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Barry Popkin ti Yunifásítì North Carolina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí púpọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ, wọ́n sì rò ó pọ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi ẹni tí ó sanra jù wé ẹni tí kò sanra, ewu pé àyẹ̀wò yóò bá Kòrónà lára rẹ̀ fi ìdá 46 nínú 100 pọ̀ jù. Ewu pé wọn yóò dá a dúró sí ilé ìwòsàn ju ìlọ́po méjì lọ. Ewu wọ́ọ̀dù àìsàn líle koko fi ìdá 74 pọ̀ jù, ti ikú sì fi ìdá 48. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ mìíràn wo àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 6.9 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun méjì nínú ohun tí wọ́n rí kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́kọ́ ni pé ewu tí sísanra ń fà lágbára lára àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 40 ọdún ju bí ó ti lágbára lára àwọn arúgbó lọ. Èkejì ni pé ó lágbára lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tí ó bá rò pé àìsàn olóyìnbó ni sísanra, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ẹni tí ó rù kọjá ààlà wà nínú ewu pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe ìyìn fún ebi ni wọ́n ń kọ.

Àwọn alágbára pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Boris Johnson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dé wọ́ọ̀dù àìsàn líle koko ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin 2020. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ti sanra jù, ìjọba rẹ̀ sì gbé ètò kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà láti bá sísanra jà. Ó ṣọ̀wọ́n kí olóṣèlú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ikùn ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, agbádá ni wọ́n fi ń bò ó.

Báwo ni ọ̀rá ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ó wà nínú hádíìsì tí Miqdam ọmọ Ma'dikarib gbà wá, tí Tirmidhi sì kọ sílẹ̀, pé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ ẹni tí oúnjẹ díẹ̀ kò bá tó láti fi ìdá kan inú rẹ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kẹta fún èémí. Àwọn oníwàásù a máa dúró pẹ́ lórí oúnjẹ, wọn a sì sáré kọjá èémí. Hádíìsì náà kò sọ̀rọ̀ nípa Kòrónà. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ti ara rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Ànábì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe to inú ènìyàn yóò rí i pé lóòótọ́ ni ikùn àti èémí jọ ń du àyè kan náà.

Iṣan pẹlẹbẹ kan wà tí ó pààlà sí àárín àyà àti ikùn. Òun ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fa èémí sínú, kí ẹ̀dọ̀fóró lè fẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti kún ikùn, iṣan yìí kò ní rí àyè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ọ̀rá tí ó wà lára àyà náà á tún máa tẹ egungun ìhà mọ́lẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò ní rí afẹ́fẹ́ gbà tó, pàápàá bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí ara bá le, olúwa rẹ̀ kò mọ̀ ju pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun òkè. Ọjọ́ tí kòkòrò bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí omi àti ẹ̀gbin bẹ̀rẹ̀ sí dí àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ni yóò tó mọ̀ pé òun kò ní ìfipamọ́ kankan. Ẹni tí kò sanra ní àyè tí ó lè pàdánù kí èémí tó tán. Ẹni tí ó sanra ti ná tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀rá kì í dákẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àpò gààrí tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá ni ó rí, tí kò sọ̀rọ̀ tí kò rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí ó pọ̀ jù, àgàgà èyí tí ó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń mú kí ara wà bí ẹni tí iná ń jó lábẹ́ eérú ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ ogun ara, tí Ọlọ́hun dá láti bá kòkòrò jà, á ti rẹ̀ kí ogun tó dé. Nígbà tí kòkòrò bá wọlé, wọn á pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Bí wọ́n bá sì dìde tán, wọn á jà kọjá bí ó ṣe yẹ, ìjà wọn á sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n wá gbà là jẹ́. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford fi hàn pé kòkòrò Kòrónà lè wọ inú ọ̀rá pàápàá, kí ó sì dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sanra jù tún ń tètè dì. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n sábà máa ń bá sísanra rìn, á sì tún dá sí i.

Ohun kan wà tí ó kan ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sàfù pẹ̀lú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Managua ní Nicaragua, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé àgbàlagbà tí ó sanra jù, tí flú mú, ń tú kòkòrò irú flú kan síta fún ìgbà tí ó fi ìdá 42 nínú 100 gùn ju ti ẹni tí kò sanra lọ. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn onímọ̀ North Carolina rí i ní ọdún 2017 pé àwọn tí ó sanra jù tí wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ flú ṣì kó flú tàbí àìsàn tí ó jọ ọ́ ní ìlọ́po méjì àwọn tí kò sanra tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àwíjàre láti kọ abẹ́rẹ́. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó sanra nílò abẹ́rẹ́ ju ẹlòmíràn lọ, kò sì gbọdọ̀ rò pé abẹ́rẹ́ nìkan ti parí iṣẹ́.

Wọ́n lè ní kí ni ó kan Ìkirè nínú gbogbo èyí. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ní ọdún 2008 rí i pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, 22 ni ó ti tóbi ju bí ó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2018, wọ́n ti di 28. Láàárín ọdún mẹ́wàá náà, ebi kò kúrò ní Nàìjíríà; àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan ni, ọmọ tí kò rí ẹ̀yin jẹ àti ìyá tí ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ tí owó tálákà tètè ká ni gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ohun tí wọ́n fi epo dín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní òròbò, tí ó ń fi rẹ́rìn-ín, kò ṣe é lóore, ó sì ti ṣe ohun tí Al-Kùránì kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ nínú Súrà Al-Hujurat. Ara ẹlòmíràn ń tètè kó ọ̀rá láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ẹlòmíràn kò jẹ tó ẹni tí ń fi í ṣẹ̀sín. Ìtìjú kò tíì dín kílò kan kù lára ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí olúwa rẹ̀ lọ rí dókítà.

Bí ènìyàn yóò ṣe mọ ibi tí òun wà kò le. Àwọn dókítà a máa fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn a sì fi ohun tí ó bá jáde pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. Obìnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 77, yóò rí 30. Ẹni tí ó bá dé 25 ti tóbi jù. Ẹni tí ó bá dé 30 ti wọ inú sísanra tí ó jẹ́ àìsàn. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nílé, okùn kan tó. Kí wọ́n fi okùn wọn gíga ènìyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n ká a sí méjì, kí wọ́n sì fi yí ikùn rẹ̀ po níwọ̀n díẹ̀ sókè ìdodo. Bí ẹnu okùn kò bá kan ara wọn, ikùn ti gbà ju ìpín tirẹ̀ lọ. Àjọ NICE tí ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà fi ọwọ́ sí òṣùwọ̀n yìí fún àgbàlagbà ní ọdún 2022. Aboyún kò sí nínú rẹ̀.

Gbèsè náà sì ṣe é san. Ní òpin ọdún 2021, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Cleveland ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tí wọ́n ti jẹ́ kí ara wọn fà nípa iṣẹ́ abẹ kí Kòrónà tó dé, bí wọ́n bá tilẹ̀ kó o, ewu pé yóò le koko fi ìdá 60 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí wọ́n ṣì sanra. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni Ìkirè nílò. Dòdò Ìkirè, tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń rà, kò ní láti di èèwọ̀. Ìpanu ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wálímà, ìsọmọlórúkọ àti fìdáù, níbi tí wọ́n ti ń ka oríṣi oúnjẹ mẹ́rin síwájú ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni tí kò jẹ ẹ́ tán sì ń di ẹni tí kò mọyì olóde. Ibi tí ọ̀rọ̀ tún wà ni ìṣínu Ràmàdánì, tí àwọn kan fi ń san gbogbo ohun tí wọn kò jẹ ní ọ̀sán padà fún ikùn pẹ̀lú èlé, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ni wọn yóò ní ọ̀rá ń yọ àwọn lẹ́nu lẹ́yìn Ìtúnu. Kí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí tí ń ṣètò ìṣínu fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso kún un, kí wọ́n sì yọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìrun márààrún. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ ti rìn ní ìgbà mẹ́wàá ní àlọ àti àbọ̀, láìsan kọ́bọ̀ fún ọlọ́kadà.

Ó ku ohun tí wọn yóò ṣe bí àìsàn bá dé kí ara tó fà, nítorí ọ̀rá kì í lọ láàárín oṣù kan. Ẹni tí ó sanra, tí ibà àti ikọ́ mú, kò yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn láti àárọ̀ di alẹ́. Kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e sókè, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ó ń sùn tí wọn kò rí i jí dáadáa, kì í ṣe ìgbà tí wọn yóò máa se àgbo nìyẹn, kì í sì í ṣe ìgbà tí wọn yóò ní kí ilẹ̀ mọ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹni tí ó bá a lọ sì sọ fún dókítà bí ó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì mú gbogbo oògùn tí ó ń lò lọ́wọ́.